Kí Orin Wa Má Bàa Há Sínú Kọ̀ǹpútà: Bí Ẹgbẹ́ Akọrin Ṣe Lè Yan Sọ́fítíwéà Tí A Fi Ń Kọ Nóòtì

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn ọ̀gá akọrin, atẹdùùrù àti olùkọ́ orin, ní Adó-Èkìtì)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀gá akọrin tí ẹ ti Ìkẹ́rẹ́, Ìkọ̀lé, Ìjerò, Ọ̀tùn àti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè wá, ẹ̀yin atẹdùùrù, ẹ̀yin olùkọ́ orin, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sá lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, mo rí yín o. Ẹ kú ewu ọ̀nà, ẹ kú ìjókòó. Èkìtì kete, ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, mo kí yín. Mo ń gbọ́ ìró odó lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, mo sì mọ̀ pé bí iyán bá ti délẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ tèmi mọ́. N ò ní pẹ́ jù.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí sọ́fítíwéà tí a fi ń kọ nóòtì orin, kí n sọ èwo ni kí ẹgbẹ́ akọrin yàn. Kí n tó ráyè jókòó rárá, ẹnìkan ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ fòwe yí wa ká, èwo ló dára jù?" Mo ní, "Àwọn wo ló máa kọrin náà?" Ó wò mí títí. Ó rò pé n ò gbọ́ ohun tí òun bi mí. Mo gbọ́ ọ. Ìbéèrè rẹ̀ ni kò tíì pé.

Nítorí pé bí ẹ bá bi àwọn tó ń tà á, tiwọn ló dára jù. Bí ẹ bá bi ọmọ yín tó wà ní yunifásítì, èyí tí olùkọ́ rẹ̀ ń lò ló dára jù. Àwa tí a wà níbí ńkọ́? Àwa tí a ní akọrin tó ń ka sólfà (d, r, m), tí a ń kọrin ní èdè tó ní àmì lórí àti lábẹ́, tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́, tí owó ìjọ sì máa ń gba ọwọ́ ìgbìmọ̀ kọjá kó tó jáde? Àwa gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ dúró lé lórí: àwọn tó máa kọrin, bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe máa hàn nínú ìwé, àti ọ̀nà tí orin máa gbà jáde lọ́jọ́ tí nǹkan bá yí. Ẹ̀kẹta yẹn ni mo torí ẹ̀ wá.

Àwọn tó máa kọrin

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Nínú ìjọ tiyín, ẹni mélòó nínú tírébù, áltò, ténọ̀ àti báàsì ló lè ka nóòtì lórí ìlà márùn-ún láìjẹ́ pé atẹdùùrù kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fún un? Ẹ má dáhùn, ọ̀gá akọrin yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. (Ẹ̀rín)

Sólfà ni wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Obìnrin olùkọ́ kan ní Norwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sarah Glover, ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Curwen gbà á, ó tún un tò láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn míṣọ́nnárì sì gbé e wá sílẹ̀ adúláwọ̀. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Ẹni tó mọ sólfà dénú, orí rẹ̀ ti gbọ́ ohùn kí ẹnu tó yà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka ìlà márùn-ún ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìka wọn ló ń ka nóòtì, etí wọn ò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kò sí ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwéà ńláńlá tí mo fẹ́ dárúkọ tó fi sólfà Curwen, pẹ̀lú kólọ́ọ̀nù rẹ̀, àmì ìdánudúró rẹ̀ àti dáàṣì rẹ̀, ṣe èdè àkọ́kọ́. Ìlà márùn-ún ni gbogbo wọn ń sọ. Ohun tí a lè ṣe ni pé ká fi ọgbọ́n mú un wọ inú rẹ̀.

Ọ̀gá akọrin kan wà lágbègbè yìí, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó fi gbogbo ọ̀sẹ̀ tẹ áńtẹ̀mù kan sínú kọ̀ǹpútà. Ó mọ́, ó gún, ẹ máa rò pé ilé ìtẹ̀wé ní London ló ti wá. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó pín in. Lọ́jọ́ ìdánrawò, gbogbo wọn tẹjú mọ́ ìwé, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá kan nínú áltò ti fi bírò kọ d, r, m sí abẹ́ nóòtì kọ̀ọ̀kan, ó ti ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, tirẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ sì ń lò. Tọ̀gá wà nílẹ̀, wọ́n ń fi ṣe abẹ̀bẹ̀.

Kí ni ìyá yẹn ṣe? Ohun tí sọ́fítíwéà ì bá ti ṣe ni. Bí MuseScore, ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwéà náà, lẹ ń lò, ẹ wo bó ṣe rí. Ẹ tẹ N láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ẹ tẹ 5, ìyẹn nóòtì tó gba bíìtì kan. 6 jẹ́ bíìtì méjì, 4 jẹ́ ààbọ̀ bíìtì. Ẹ wá tẹ orúkọ nóòtì, G, A, B. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ padà sórí nóòtì àkọ́kọ́, ẹ tẹ Ctrl pọ̀ mọ́ L, ibi tí ọ̀rọ̀ orin ń gbà wọlé á sì ṣí. Ibẹ̀ lẹ ó ti tẹ d, ẹ tẹ àlàfo, ó bọ́ sórí nóòtì kejì, ẹ tẹ r, ẹ tẹ àlàfo. Sólfà ti di ẹsẹ kìíní nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá á wá di ẹsẹ kejì lábẹ́ rẹ̀. Atẹdùùrù ń ka òkè, akọrin ń ka ìsàlẹ̀, ìwé kan náà ni.

Ọ̀nà kejì tún wà nínú MuseScore kan náà: ẹ lè sọ fún un pé kó kọ orúkọ sólfà sínú orí nóòtì gan-an. Ẹ kíyè sára níbẹ̀. Ó máa bi yín bóyá dó tó ń ṣí kiri lẹ fẹ́ tàbí dó tó dúró sójú kan. Tó ń ṣí kiri ni tiwa. Bí orin bá wà ní kíì G, G ni d. Bí ẹ bá mú èyí tó dúró sójú kan, C ni yóò máa pè ní d nínú gbogbo kíì, báàsì yín á sì kọrin tí a ò dá sílẹ̀ rí.

Èmi fẹ́ràn ọ̀nà àkọ́kọ́. Ó gba àsìkò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tó ń ṣe fún àwọn ọmọdé. Bí ọmọ bá rí sólfà lábẹ́ nóòtì lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, lọ́jọ́ kan ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lórí orin tiwa, orin ilẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí orin Yorùbá ti ṣàkíyèsí rẹ̀ tipẹ́ pé níbi tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti máa ń gbe orin ní ohùn kan náà, àwa Èkìtì àti àwọn Ìjẹ̀ṣà máa ń fi ohùn kejì gbè é, ohùn méjèèjì á jọ máa rìn ní ẹ̀kẹta sí ẹ̀kẹta, bíi d pẹ̀lú m. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ wa nìyẹn. Àwọn ìyá wa ń ṣe é lójú agbo. Bí ẹ bá fẹ́ kọ irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹni tó ń dá a kì í ka bíìtì fún ẹnikẹ́ni. Ó lè fa ọ̀rọ̀ kan títí tó bá wù ú. Kọ̀ǹpútà ò fẹ́ràn ìyẹn, ó fẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan nínú orin, ìyẹn bar, pé géérégé. Nínú MuseScore, ẹ lè lọ sí Measure Properties kí ẹ fẹ ilé náà, kí ẹ sì fi àmì ìdíwọ̀n rẹ̀ (time signature) pamọ́. Dorico, sọ́fítíwéà mìíràn, ló mọ eléyìí ṣe jù: ẹ lè máa kọ lọ láìpín in sí ilé rárá, tẹ́ ẹ bá sì fi nóòtì kan há àárín lẹ́yìn ọ̀la, èyí tó kù á sún fúnra rẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ orin àwọn àgbà tí ẹ ń gbà sílẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ó yẹ kí ẹ ro ti Dorico dáadáa.

Àwọn orúkọ tí ẹ ń gbọ́

Mo ti ń dárúkọ, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ibi tí wọ́n ti wá, torí ìtàn wọn wúlò fún ohun tí mo fẹ́ sọ níkẹyìn.

Finale ló dàgbà jù nínú mẹ́rin tí mo fẹ́ sọ, òun, Sibelius, Dorico àti MuseScore. Ọdún 1988 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Sibelius tẹ̀lé e. Àwọn ìbejì kan ló kọ́ ọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ben Finn àti Jonathan Finn. Táyé àti Kẹ́hìndé ni o! (Ẹ̀rín) Ní 1993 ló bọ́ sójú ọjà, orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Acorn ló ti bẹ̀rẹ̀. 1998 ló dé orí Windows. Ní 2006 ilé iṣẹ́ Avid rà á. Nígbà tó di 2012, wọ́n ti ọ́fíìsì tí àwọn tó ń kọ́ ọ wà ní London pa. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí ìjọ kan bá lé akọrin tó dáńtọ́: ìjọ kejì ló ń gbà wọ́n. Steinberg, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì tó jẹ́ ti Yamaha, kó àwọn ènìyàn yẹn jọ, Daniel Spreadbury ṣe olórí wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni Dorico jáde. Sibelius náà kò kú o, Avid ṣì ń tà á.

MuseScore ní tirẹ̀, ọmọ Jámánì kan, Werner Schweer, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2002. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ń pawọ́ pọ̀ tún un ṣe, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ẹ̀dà 4 jáde ní oṣù Kejìlá 2022, ìyẹn gan-an ló sọ ọ́ di ohun tí àwọn tó ti ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń bèèrè.

LilyPond wà pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ lòun náà, láti 1996 ni àwọn ọmọ Netherlands méjì ti gbé e kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ lẹ ó máa tẹ̀ síbẹ̀, òun á wá sọ ọ́ di nóòtì. Ìwé rẹ̀ rẹwà gan-an. Ẹni tó bá ń kọ kóòdù nínú yín, ẹ lọ wò ó. Ẹni tí kì í kọ ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Nínú gbogbo wọn, kí ni èmi yàn fún ẹgbẹ́ akọrin tó pọ̀ jù níbí? MuseScore. N ò fi bò. Bí ìjọ yín bá ti ra Sibelius pẹ̀lú ìwé àṣẹ, tí ọwọ́ yín sì ti mọ́ ọn, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ má torí ọ̀rọ̀ tèmi ju ohun tí ẹ mọ̀ nù. Bí ẹ bá ń ṣe ìwé orin tó máa lọ sí ilé ìtẹ̀wé, olójú ewé ọgọ́rùn-ún, Dorico á dín wàhálà yín kù. Sibelius àti Dorico ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dà yẹn ní ààlà. Kí ẹ tó fọkàn sí i, ẹ rí i pé ó gba ohùn mẹ́rin pẹ̀lú ìlà méjì ti dùùrù.

Owó, iná àti dátà

Ibí yìí, n ò ní pẹ́. Sibelius, oṣooṣù tàbí ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san owó rẹ̀, dọ́là sì ni. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti fi káàdì náírà san owó dọ́là rí mọ ohun tí mò ń wí. Ìgbìmọ̀ ìjọ tó bá sanwó lọ́dún yìí lè má san lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí fáìlì yín nígbà náà?

Àwọn kan á ní kò léwu, pé ọmọkùnrin kan wà tó ń bá àwọn ènìyàn fi èyí tí wọ́n ti já, tí wọn ò sanwó rẹ̀, sínú láptọ́ọ̀pù. Olè ni. Nínú ilé Ọlọ́run, orí kọ̀ǹpútà ìjọ, ẹ fẹ́ fi ohun tí wọ́n jí kọ orin ìyìn. Ká tiẹ̀ fi ti ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n já yẹn náà ni fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé, ó sì lè jẹ ìwé ìṣirò owó ìkórè lójú kan náà. Kí ni ẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe nígbà tí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà?

Láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ṣì ń lo Windows 7, MuseScore 3 ni kí ẹ fi sí i. Ẹ̀dà 4 ń fẹ́ Windows 10 sókè. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó lo dátà láti gbà á sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbà á ní musescore.org. Èyí tó parí sí .com, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pín orin ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bèèrè owó oṣooṣù. Ẹ má tẹ nọ́ńbà káàdì yín síbẹ̀ tán kí ẹ wá máa sọ pé mo ní ọ̀fẹ́ ni. Ní ti iná, ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ wo ibi tó ti ń fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀, ẹ sọ ìṣẹ́jú rẹ̀ di díẹ̀. Ẹni tí bátìrì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ti kú kó má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí.

Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe máa hàn

Ó yá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí kò sí nínú ìwé ìlànà tí àwọn tó ń tà á kọ.

Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Á olóhùn òkè ní nọ́ńbà. Ẹ tó ní àmì lábẹ́ náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ tó ní àmì lábẹ́, tó tún ní ohùn lórí, bí ẹ̀ tàbí ẹ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ àti ọ́. Lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kó tó wá gbé àmì lé e lórí. Bí fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, tí ẹ ń lò bá mọ̀ ọ́n ṣe, àmì á jókòó dáadáa. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àmì á fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí ẹ rí àpótí òfìfo níbi tó yẹ kí ohùn wà.

Ẹ̀bìtì tí kò peku, ó yẹ kó fẹ̀yìn fẹ́lẹ́yìn. Kí ẹ tó yan sọ́fítíwéà kankan, ẹ ṣí ojú ewé tuntun, ẹ kọ nóòtì díẹ̀, kí ẹ wá tẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sábẹ́ rẹ̀: Ọlọ́run, ẹ̀rọ̀, ọ̀tọ̀, gbẹ́sẹ̀, ṣẹ́gun, ńlá. Ẹ sọ ọ́ di PDF. Ẹ ṣí PDF náà lórí fóònù ẹlòmíràn. Ẹ fẹ̀ ẹ́ kó tóbi, kí ẹ wo orí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí ohunkóhun bá ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì kí ẹ tó pààrọ̀ sọ́fítíwéà. Charis SIL, Doulos SIL, Noto Serif, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì mọ Yorùbá kọ. Nínú MuseScore, inú Style lẹ ó wọ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Lyrics sí; méjì ni, odd lines fún ẹsẹ kìíní, even lines fún ẹsẹ kejì, kí ẹ yí fọ́ǹtì méjèèjì padà. Gbogbo ọ̀rọ̀ orin á tẹ̀lé e.

Ẹ rántí pé inú kọ̀ǹpútà tiyín ni fọ́ǹtì yẹn wà. Bí ẹ bá gbé fáìlì lásán lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ajílosùn, tí wọn ò ní fọ́ǹtì náà, gbogbo àmì lè túká níbẹ̀. PDF ni kí ẹ gbé lọ.

Ẹnìkan á ní, "Ṣé àmì yẹn náà ló wá di gbogbo èyí? Yorùbá ni wá, a mọ̀ ọ́n kà." Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n kà torí pé ẹ mọ orin náà tẹ́lẹ̀. Akọrin tó ń rí orin tuntun fún ìgbà àkọ́kọ́ ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n bí sí Abuja tó wá fi Kérésìmesì sílé ńkọ́? Olóògbé T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà tó wà ní Márínà l'Ékòó, fi púpọ̀ nínú ayé rẹ̀ ja ìjà yìí: pé orin Yorùbá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, pé bí a ṣe fipá ki ọ̀rọ̀ wa bọ orin Òyìnbó ti ba ìtumọ̀ jẹ́. Ẹ̀rọ kò ní bá wa ja ìjà yẹn o. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà kọ orin tí ẹ tẹ̀, "a" ni yóò máa wí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orin lè dùn létí ẹ̀rọ kí ó sì jẹ́ èébú lẹ́nu akọrin. Nítorí náà, bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ pa kọ̀ǹpútà lẹ́nu mọ́, kí ẹnìkan ka ọ̀rọ̀ náà sókè, kí ẹlòmíràn máa fi ìka tọ nóòtì. Níbi tí ohùn bá ti gòkè tí nóòtì wálẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀.

Ọ̀nà àbájáde

Mo ti dé ibi tí mò ń lọ.

Òkété ní ọjọ́ gbogbo lòun mọ̀, òun ò mọ ọjọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ilé iṣẹ́ tó ni Finale kéde pé àwọn ò ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Ó parí. Sọ́fítíwéà tí àwọn ènìyàn ti ń lò láti 1988, tí wọ́n fi kọ orin fíìmù, orin ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé ẹ̀kọ́! Wọ́n tilẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé lẹ́yìn ọdún kan, ẹni tó bá pààrọ̀ kọ̀ǹpútà ò ní rí àṣẹ gbà láti fi í sórí tuntun mọ́. Ariwo sọ, wọ́n yí èyí padà, wọ́n sì bá àwọn oní Dorico ṣe àdéhùn pé kí wọ́n dín owó fún àwọn tó bá ń ṣí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò. Ṣé ẹni tó ra Finale ní 1995 gbọ́n tàbí kò gbọ́n? Ó gbọ́n. Òun ni ọ̀gá láyé ìgbà náà. Èyí tí a wá ń pè ní ọ̀gá lónìí ńkọ́? Èmi tí mo ní kí ẹ lo MuseScore, ṣé mo lè búra fún yín pé yóò wà ní 2060?

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ bi sọ́fítíwéà kí ẹ tó gbé e wọlé ni pé: báwo ni orin mi ṣe máa jáde nínú rẹ?

Ìdáhùn wà. Ọ̀gbẹ́ni kan, Michael Good, ló ṣètò ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní MusicXML. Ẹ̀dà kìíní rẹ̀ jáde ní 2004. Lónìí, ẹgbẹ́ kan lábẹ́ W3C, àwọn tó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń bójú tó o, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan mọ́. Finale ń sọ ọ́, Sibelius ń sọ ọ́, Dorico ń sọ ọ́, MuseScore ń sọ ọ́. Ohun tí ẹ kọ nínú èyí, ẹ lè fi í gbé e lọ sínú tọ̀hún, pẹ̀lú nóòtì rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò ní rí bákan náà délẹ̀délẹ̀. Àlàfo lè yí, ọ̀rọ̀ lè sún díẹ̀, ojú ewé lè pọ̀ sí i. Orin náà ṣì wà láàyè.

Bàbá kan wà tí mo mọ̀, atẹdùùrù àgbà, gbogbo áńtẹ̀mù tó ti kọ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló wà nínú Finale, lórí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tí ìdè rẹ̀ ti já, tó fi ìwé orin gbé sókè. Nígbà tí ìròyìn yẹn jáde, ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó tì í nírọ̀lẹ́. Bàbá á dárúkọ orin, á sọ ọdún tó kọ ọ́ àti ìsìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́. Ọmọ á ṣí i, á tẹ Export, á fi MusicXML pamọ́, á tún fi PDF pamọ́, ó bọ́ sórí èyí tó kàn. Bí orin bá wù ú, bàbá á ní kó dúró ná, á kọ ọ́ já. Iṣẹ́ wọn pẹ́ nítorí ìyẹn. Mo ti rí àwọn orin náà nínú MuseScore lẹ́yìn rẹ̀; ibi tó ti fẹ́ àtúnṣe jù ni ọ̀rọ̀ abẹ́ nóòtì, àmì ohùn sì nílò fọ́ǹtì tuntun. Àwọn nóòtì gan-an, wọ́n pé.

Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Orin kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá parí, ẹ fi í pamọ́ lọ́nà mẹ́ta: fáìlì sọ́fítíwéà fúnra rẹ̀, kí ẹ lè tún un ṣe lọ́la, MusicXML, kí ẹlòmíràn lè ṣí i nínú tirẹ̀, PDF, kí ojú lè rí i títí ayé. MIDI ò sí nínú ààrò yìí o. Nóòtì tí a tẹ̀ àti ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ ni MIDI ń gbé, kì í gbé bí a ṣe kọ ọ́ sójú ìwé; bí ẹ bá gbára lé e, nóòtì á dé ní wúruwùru. Àti pé kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ kan náà fẹnu kò lórí ẹ̀dà kan. Ẹ má retí pé ohun tí ọ̀gá fi MuseScore 4 kọ máa ṣí nínú MuseScore 3 tí igbákejì rẹ̀ ní. Níbẹ̀ náà, MusicXML ni alárinà.

Níbo ni kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà? Ẹ fojú inú wò ó. Ọ̀gá akọrin ríṣẹ́ sí Ìbàdàn, ó kó ẹrù, ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Tirẹ̀ ni, òun ló fowó rà á. Ṣùgbọ́n orin àjọ̀dún ìjọ, orin ìkórè, orin ìsìnkú àwọn bàbá ìjọ, gbogbo rẹ̀ bá a lọ. Ìjọ á wá máa pe fóònù. Mo bẹ̀ yín, kí fláàṣì kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ẹ̀dà kan wà nínú ímeèlì tó jẹ́ ti ìjọ, kí ọ̀rọ̀ ìwọlé ímeèlì yẹn má sì wà lórí ènìyàn kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ta-ló-ni-orin máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ sọ ọ́ nígbà tí inú ẹnikẹ́ni kò tíì bàjẹ́.

Ìbéèrè

Ẹ ṣeun. Ìbéèrè méjì péré ni àyè wà fún. Ọ̀gbẹ́ni tó wọ bùbá aláwọ̀ ewé?

(Ó bèèrè bóyá a lè kọ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù.) Áàpù MuseScore ti orí fóònù, kíka orin àti gbígbọ́ ọ ló wà fún, ẹ ò lè fi kọ orin. Ó dára fún akọrin tó fẹ́ dán ohùn tirẹ̀ wò nílé. Áàpù kan tí wọ́n ń pè ní Flat ń ṣiṣẹ́ lórí Android, ẹ lè fi kọ ọ́. Dorico wà fún iPad láti 2021. Áńtẹ̀mù olóhùn mẹ́rin lórí ojú fóònù kékeré, ojú yín ni mo ń ṣàánú.

Màmá tó wà níwájú? (Ìyá náà bèèrè pé bí òun bá kọrin sí kọ̀ǹpútà, ṣé kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, torí àwọn orin kan wà tí òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n.)

Màmá, ẹ ṣé gan-an. MuseScore kì í ṣe é. Àwọn áàpù kan ń gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìlù bá ti wà níbẹ̀, tí ohùn kejì sì ń gbè, wọ́n á kàn dà á rú ni. Ohun tí a ó ṣe ni pé ká fi fóònù gbà á sílẹ̀ lẹ́nu yín lákọ̀ọ́kọ́. Kí ẹ dárúkọ ara yín nínú rẹ̀, ìlú yín, àti ohun tí wọ́n máa ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Etí ènìyàn ló máa gbọ́ ọ, ọwọ́ ènìyàn ló máa tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá gbà, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Ẹ̀yin tí ẹ ní láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí i. Tádé, gbé fóònù sún mọ́ Màmá. Ohùn kìíní nìkan la fẹ́ kọ ná, a ó wá gbé èkejì lé e.

Màmá, ẹ dá a, ẹ rọra. Ẹ̀yin tó kù, ẹ tẹ N.